Fìrísà Ìyáàfin Hietala

Marlys Kangas kò mọ orin kọ, gbogbo ìjọ wa ní Ishpeming ló sì lè jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé yẹn, orin ló ń kọ nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ó ń to fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Ìdánwò ti parí láàárọ̀, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ohun tó kù ni kó kọ àbọ̀ àyẹ̀wò, kó sì fi ránṣẹ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó lù.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ogún ọdún ló fi fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan kí wọ́n tó ti ilé ìfọṣọ náà pa, tí wọ́n fún un ní owó díẹ̀ àti káàdì tí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí. Káàdì náà dára. Owó náà ló fi lọ kọ́ṣẹ́ ayẹléwò, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tí í yẹ ilé wò láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí onítọ̀hún má baà fi owó ayé rẹ̀ ra wàhálà.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé irinwó dọ́là ni ilé-ẹ̀kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Green Bay, wọn kò ka àkàbà mọ́ ọn, wọn kò ka ẹ̀rọ tí a fi ń wá ọ̀rinrin nínú ògiri mọ́ ọn, oúnjẹ àti ibùsùn tún wà lọ́tọ̀. Nígbà tí owó Marlys tán, Roy ọkọ rẹ̀ ta alùpùpù orí yìnyín rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ta alùpùpù orí yìnyín ní oṣù Kejì ní ìlú wa, nígbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò sì tó. Ìjọba Michigan kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ayẹléwò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àkàbà àti tọ́ọ̀ṣì lè jí láàárọ̀ kó ní òun ti di ọ̀gá. Nítorí ìyẹn, àwọn alágbàtà ilé agbègbè wa kì í pe ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ ayẹléwò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, yóò yẹ ilé kan wò lójú àgbà ẹgbẹ́, yóò kọ àbọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì dìbò ní Tọ́sìdeè tó bá tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó di oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta dọ́là mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí yìnyín ti ń bọ̀ lọ́nà, ta ló ń ra ilé? Marlys kò ní ẹgbẹ̀ta dọ́là, Roy kò sì ní alùpùpù méjì.

Fọ́tò ti dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tó yẹ̀ wò nígbà tí orin dá lẹ́nu rẹ̀.

Fọ́tò méjì ló yẹ kó wà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì balùwẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì méjì ni: tẹ ti òkè, iná á kú, tẹ ti ìsàlẹ̀, iná á jí. Ayẹléwò á tẹ ti òkè láti mọ̀ bóyá ó lè pa iná kí iná tó gbé ẹni tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ya fọ́tò, á tẹ ti ìsàlẹ̀, á tún ya òmíràn. Wọ́n kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní Green Bay títí ó fi sú wọn. Fọ́tò àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Èkejì kò sí. Gáréèjì ló tẹ̀lé e.

Marlys rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ti òkè tán ni Ìyáàfin Elma Hietala, onílé, pè é láti ìsàlẹ̀ pé kọfí ti délẹ̀, búrẹ́dì aládùn sì ti jáde nínú ààrò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí opó ẹni ọgọ́rin ọdún bá ní kọfí ti délẹ̀, èèyàn kì í dá a lóhùn pé ó ku bọ́tìnnì kan. O máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mu ife méjì, ó jẹ búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ó gba gáréèjì lọ.

Ó fa fọ́tò gáréèjì súnmọ́ ojú rẹ̀. Fìrísà funfun kan wà ní igun. Ó wá fọ́tò fìrísà kan náà tó yà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rìn yí ilé ká. Ó fi méjèèjì wé ara wọn.

"Roy, wá wo nǹkan yìí."

Roy wá pẹ̀lú pásítì lọ́wọ́, ìyẹ̀fun yíyan tó ní ẹran àti ọ̀dùnkún nínú, ó ń jẹ ẹ́ láti igun bí àwọn ará ibi ìwakùsà ṣe máa ń jẹ ẹ́. "Fìrísà ni. Kí ló ṣe é?"

"Wo iná pupa kékeré tó wà lára ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń tàn. Wo ti aago mọ́kànlá. Ó ti kú."

"Bóyá iná ilé ló lọ."

"Iná ilé ò lọ. Èmi ni mo pa á. Balùwẹ̀ àti gáréèjì, wáyà kan náà ló so wọ́n pọ̀."

Roy jẹ pásítì rẹ̀ sí i. "Fìrísà tó bá kún, tí èèyàn ò bá ṣí i, á lo ọjọ́ méjì kó tó yọ́."

"Ọ̀sẹ̀ kan ni màmá yẹn máa lò ní Duluth lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán ló ti lọ."

Roy gbé pásítì rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹran lásán ló wà nínú fìrísà náà, ohun tó sì ń dun Marlys nìyẹn. Láàárọ̀, Ìyáàfin Hietala ti gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀ bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́. "Àgbọ̀nrín tí Reino pa kẹ́yìn nìyí," ló wí. "Oṣù Kìíní ló kú. Ìdì kan ni mo máa ń sè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ku mọ́kànlá." Reino Hietala, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ayẹléwò agbègbè wa sílẹ̀, òun ló sì yọ̀ǹda ilé ara rẹ̀ fún ìdánwò. Òfin àkọ́kọ́ tó wà níwájú ìwé ìdánwò, ẹnu Reino ló ti jáde: bí o ṣe bá ilé ni kí o fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yẹn ti fìdí rẹmi nìyẹn, kò tún sí àríyànjiyàn.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?" Roy béèrè.

"Toivo Rintala."

Toivo ni alága ẹgbẹ́, òun náà ló sì dán Marlys wò.

Roy fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Sọ fún un pé o gbàgbé tọ́ọ̀ṣì ẹ síbẹ̀. Gba kọ́kọ́rọ́, wọlé, tẹ bọ́tìnnì, jáde. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ìwọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà." Ó wò ó, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Marlys, ẹran á yè, ìdánwò á yè. Mi ò rí ẹni tí ìyẹn máa pa lára."

Nígbà tí Marlys máa fi dé Negaunee, níbi tí Toivo ń gbé, ó ti há irọ́ náà sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há àkọ́sórí. Mo gbàgbé tọ́ọ̀ṣì mi. Ẹ má bínú. Mo gbàgbé tọ́ọ̀ṣì mi. Inú rẹ̀ kò dùn sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rí oṣù Kẹwàá, ó ń rí Roy tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gun alùpùpù kọjá níwájú ilé, irọ́ náà sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu sí i.

Ọjọ́ ìwẹ̀ ni Sátidé ní ọ̀dọ̀ wa, èéfín ń jáde lórí sánà, ilé ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìnkùlé Toivo. Ó kan ilẹ̀kùn. Baba ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin náà yọ sí i, ó pọ́n bí ata, ooru ń rú lórí pípá rẹ̀, táwẹ̀lì kan ló ró mọ́dìí.

"Ọ̀gbẹ́ni Rintala, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Toivo ni o. Ẹni tó bá ti bá mi nínú táwẹ̀lì kì í pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni mọ́. Kí ló dé?"

"Mo gbàgbé tọ́ọ̀ṣì mi sílé Ìyáàfin Hietala."

Toivo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rọra tiro wọ inú ilé lórí eékún rẹ̀ tí kò dára, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde tí wọ́n so mọ́ bọ́ọ̀lù kékeré tó máa ń léfòó lórí okùn ìpẹja.

"Gbà. Dá a padà lọ́la lẹ́yìn ìsìn."

"Ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Kí ni n óò bá ọ lọ ṣe? Ṣé o fẹ́ jí ààrò gbé ni?"

Ó padà sínú ooru rẹ̀. Marlys rìn dé ibi ọkọ̀, ó jókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí itan. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, bọ́tìnnì á ti wọlé, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n bí baba yẹn ṣe yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú lé e lọ́wọ́ láìwádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lára. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láti ìsinsìnyí lọ kò ju ìyẹn náà lọ: kí àwọn èèyàn máa fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ irọ́ ló fi gba ti àkọ́kọ́, irú ayẹléwò wo wá ni? Ojú tì í gan-an, nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹnìkan, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn sánà lẹ́ẹ̀kejì.

"Toivo, mo purọ́."

"Mo mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì wà níbàdí ẹ."

Marlys fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà so rọ̀ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ níbi tó ti wà láti àárọ̀.

"Mo kọ́kọ́ rò pé méjì lo ní," Toivo wí. "Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

"Mi ò tẹ bọ́tìnnì balùwẹ̀ padà. Iná gáréèjì gba inú ẹ̀ kọjá. Fìrísà ti kú láti bí aago mẹ́wàá àbọ̀."

Toivo kò bú u. "Fìrísà Reino?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá wọ ṣòkòtò lórí omi ara, ó gbàgbé ìbọ̀sẹ̀, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ kí Marlys tó bá a débẹ̀. Marlys wa ọkọ̀ lọ sí ilé Hietala. Yìnyín tó kù lábẹ́ àwọn igi páìnì ń yọ́ wọ kòtò ẹ̀bá títì.

"Ìwọ lọ sókè," Toivo wí nígbà tí wọ́n wọlé. "Èmi á dúró ti fìrísà."

Marlys gun àtẹ̀gùn ní méjì méjì, ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn Toivo ti gáréèjì wá, kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà nílé olókùnrùn: "Ó ti jí."

Ó kù kí wọ́n ṣí i. Àwọn méjèèjì dúró níwájú fìrísà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdérí. Níkẹyìn Toivo gbé e. Àwọn ìdì náà wà níbẹ̀ nínú bébà funfun, wọ́n tò léra, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lára wọn. Toivo mú ọ̀kan, ó fi oríkèé ìka kàn án. Kó, kó, kó. Ó mú òmíràn láti òkè pátápátá, ó tún kàn án. Ó le bí òkúta. Ó dé fìrísà náà kíá.

Ara tu Marlys. Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, ó ń fi apá nu imú bí ọmọdé.

Toivo fi ara ti ògiri. "Ìdì tí mo mú yẹn," ó wí, "ọwọ́ ìkọ̀wé Reino ló wà lára ẹ̀. Itan ẹ̀yìn, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá. Ọwọ́ ẹ̀ burú jáì." Ó tọ́ka sí ògiri. "Marlys, wáyà yẹn, òun ló so ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ayẹléwò. Ó ní òun á tún un ṣe tí àkókò ìṣọdẹ bá parí. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún tó sọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Èmi àti Elma. Ẹni mẹ́sàn-án ló ti ṣèdánwò nílé yìí. Mẹ́ta nínú wọn gbàgbé bọ́tìnnì yẹn, nítorí kọfí Elma náà ni. Èmi ni mo máa ń gòkè lẹ́yìn wọn láti tẹ̀ ẹ́. Òfin sọ pé kí adánniwò tẹ̀lé ẹni tó ń dán wò dé gbogbo yàrá. Lónìí, eékún ń dùn mí, mo dúró nísàlẹ̀. Mo ní Marlys ò lè gbàgbé." Ó mi orí. "Èmi àti ìwọ la pa fìrísà yìí."

Marlys nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní láti béèrè. "Ṣé mo ti fìdí rẹmi nìyẹn?"

"Ṣé àbọ̀ ẹ ti dé ọwọ́ mi?"

"Rárá."

"Nígbà náà, iṣẹ́ ò tíì parí. Lọ kọ ohun tó o rí."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Èmi náà á kọ tèmi. Bí wọ́n á ṣe dìbò, mi ò lè sọ. Bernice á wà níbẹ̀."

Bernice Tervo, kẹ́ ẹ sì mọ̀, ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ti yẹ ilé wò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó rí i kó fojú fo ìṣó kan rí. Bí a bá ní kí ènìyàn yan ẹni tí kò fẹ́ kó ka àṣìṣe òun, Bernice ni yóò yàn. Marlys lọ sílé, ó kọ àbọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i: iná gáréèjì gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì balùwẹ̀ kọjá, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì lókè lè ba ẹran jẹ́ nísàlẹ̀ láìmọ̀, mo mọ̀ nítorí pé èmi gan-an ṣe é, mo sì lọ tẹ bọ́tìnnì náà padà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Roy kà á. "O kọ ọ́ lóòótọ́," ló kàn wí, ó sì lọ po kọfí.

Tọ́sìdeè, yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá yí tábìlì ká. Toivo ka gbólóhùn náà sétí gbogbo wọn, ó sì ka tirẹ̀ náà, pẹ̀lú eékún àti gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bernice kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè.

"Bí o ṣe bá ilé ni kí o fi í sílẹ̀," ló wí. "Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ kọfí síbẹ̀."

Roy, tó wá jókòó lẹ́yìn, ń wo bàtà rẹ̀.

"Toivo, ta ló tẹ bọ́tìnnì padà?"

"Òun ni."

"Kí àbọ̀ tó dé ọwọ́ ẹ, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Odindi ọjọ́ kan ṣáájú."

"Ẹran ńkọ́?"

"Ó le bí òkúta. Mo kàn án."

Bernice yẹ ìwé wò. "Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó ti kọjá, ta ló kọ ọ̀rọ̀ wáyà yìí sínú àbọ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Àwọn mẹ́sàn-án náà la sì gbà wọlé. Mo wà lára àwọn tó na ọwọ́ fún wọn." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí là ń jókòó jiyàn lé lórí nígbà náà? Ẹ na ọwọ́ yín sókè, kọfí ń tutù."

Ọwọ́ méjìlá ló lọ sókè. Roy na tirẹ̀ náà, láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ku ilé kan tí Marlys ní láti dé. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí Ìyáàfin Hietala dé láti Duluth, ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lórí ìdúró.

"Wọlé kó o jókòó, ọmọ mi," obìnrin àgbà náà wí. "Toivo ti sọ fún mi. Ó ti wá tún wáyà náà ṣe lánàá. Ó ní oṣù Karùn-ún la wà, àkókò ìṣọdẹ ti parí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. "Ṣé o mọ̀ pé Reino pa fìrísà àlùfáà wa ní ọdún kan báyìí? Ẹja ló kún inú ẹ̀. A ò lè jókòó níwájú nínú ìjọ fún oṣù mẹ́ta."

Ó lọ sí gáréèjì, ó sì mú ìdì funfun kan bọ̀.

"Màmá, mi ò lè gba eléyìí. Ẹ ní ó ku mọ́kànlá."

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò sí nílé, mi ò sè. Ti ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Ìwọ lo jẹ́ kó yè, ìwọ ni kó o jẹ ẹ́."

Marlys sè é ní ọ̀la rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún. Bébà tí ọwọ́ ìkọ̀wé burúkú Reino wà lára rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa bà á kó tó kúrò nílé onílé. Roy ní ẹran náà le díẹ̀. Marlys ní kó máa jẹun lọ.